Oṣù Mẹ́jọ Nídìí Fíríìjì Àgídìngbì

Ẹ̀yin ará ilé ní Àbíjàn, láti ọjọ́ tí mo ti dé ni ẹ ti ń wá kí mi káàbọ̀, ìbéèrè kan náà ni ọ̀pọ̀ yín sì ń bi mí: ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn ní Èkó? Wọn ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Bí a bá ní ká sọ òótọ́, èmi gan-an ni mo mú ohun tí kì í ṣe tèmi níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí, kí n má baà máa sọ ìdajì fún ẹni kan, kí n sì máa gbé ìdajì mì bí mo bá rí ẹlòmíràn.

Ẹnu ibodè

Ilẹ̀ mẹ́ta ni ọkọ̀ wa là kọjá kí ó tó kan Sẹ̀mẹ̀. N kò ní fi ìyẹn dá yín dúró, nítorí kò sí àgbàlagbà kan nínú yín tí kò mọ ọ̀nà náà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ni ti ọ̀gá aṣọ́bodè tó yẹ ìwé mi wò. Ẹ ṣáà mọ̀ pé Anàgó ni wọ́n ń pè wá níbí, láti kékeré ni àwọn ọmọ àdúgbò sì ti ń bi mí ìgbà tí mo máa padà sílé. Ọkàn mi ti sọ fún mi pé bí mo bá ti fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Nàìjíríà, mo dé ilé náà nìyẹn. Ọ̀gá náà wo ìwé, ó wo ojú mi, ó ní, "Madam, ẹ káàbọ̀ o. Ọjọ́ mélòó lẹ fẹ́ lò lọ́dọ̀ wa?"

"Lọ́dọ̀ wa" yẹn dùn mí wọ eegun. Mo fi Yorùbá dá a lóhùn pé oṣù mẹ́jọ ni. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní Yorùbá mi rí bíi ti ìyá ìyá òun tó ti kú, ó sì pe ẹnì kejì rẹ̀ pé kí ó wá gbọ́. Wọ́n ní kí n tún un sọ. Èmi tí bàbá mi máa ń nà bí mo bá fi Faransé dá a lóhùn nínú ilé, mo wá di eré fún wọn lẹ́nu ibodè. Mo tún un sọ. Kí ni n bá ṣe?

Àwọn tí kì í dúró gbọ́ èsì

Alhaja ló ránṣẹ́ pè mí. Ọmọ Èjìgbò bíi tiwa ni, ó ní ilé iṣẹ́ kan ní Àgídìngbì lẹ́bàá Ìkẹjà, ó sì ní kékeré kan ní Àgége. Náílọ́ọ̀nù ni wọ́n ń tẹ̀ níbẹ̀: èyí tí wọ́n fi ń di búrẹ́dì, èyí tí wọ́n ń rọ omi sí. Wọ́n sì ń tẹ páálí ọṣẹ pẹ̀lú. Ó gbọ́ pé mo ti fi ọdún mẹ́wàá tọ́jú kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ ṣúgà kan níbí, ó sì ní kí n wá bá òun to dátà òun, nítorí pé ó ti dàrú.

Ìwà àwọn ará Ìkẹjà kọ́kọ́ ta mí lójú. Nílé wa níbí, bí a bá kí èèyàn, à ń dúró gbọ́ bí ilé ṣe wà, bí ọmọ ṣe wà, kí ọ̀rọ̀ tó kàn. Lọ́hùn-ún, wọ́n á ti kí ọ "ẹ kú iṣẹ́," wọ́n á ti kọjá, ìwọ á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa dáhùn lẹ́yìn wọn. Mo ní wọn ò mọ ìkíni. Ìgbà tí mo wá kọjá lára bàbá tó ń ṣọ́ ẹnubodè ilé iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan láìkí i, torí pé iṣẹ́ ń ká mi lára, kí ó tó di àsìkò oúnjẹ, gbogbo ilé iṣẹ́ ti gbọ́ pé Àǹtí Àbíjàn ń gbéra ga. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé wọ́n ń ka ìkíni, wọn kàn ń kà á lórí ìrìn ni.

"Ọmọ ibo ni yín gan-an?" ni ìbéèrè kejì. Bí mo bá ní Èjìgbò, wọ́n á ní, "Àh, èyí tó wà nítòsí Ìsọlọ̀ níbí?" Mo á ní rárá o, Èjìgbò ti Ọ̀ṣun ni. "Ìgbà wo lẹ ti débẹ̀ kẹ́yìn?" Mo á ní n kò tíì débẹ̀ rí. Wọ́n á wò mí bí ẹni tó ń sọ pé òun ní aṣọ kan tí òun kò rí rí.

Baba Mùfú nìkan ni kò bi mí. Òun ló ń ya gbogbo àwòrán tí wọ́n ń tẹ̀ sára náílọ́ọ̀nù, ìsàlẹ̀ ilé ni tábìlì rẹ̀ wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ọwọ́ ni ó fi ń kọ pátákó ṣọ́ọ̀bù káàkiri Àgége kí kọ̀ǹpútà tó dé, ó sì ti dàgbà kí ó tó kọ́ kọ̀ǹpútà. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé, ó rí i pé mo ń dá jókòó lásìkò oúnjẹ, ó sì pè mí.

"Ọmọ mi, súnmọ́ ibí. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Màá máa bá ọ wò ó."

Bí mo ṣe rí bàbá kan ní Èkó nìyẹn.

Lórí oúnjẹ

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, búrẹ́dì Àgége kò ní ìbátan pẹ̀lú ọ̀pá gbọọrọ tí à ń fi eyín fà ya níbí. Ó rọ̀, ó wúwo, ó ń fà bí ẹni pé kò fẹ́ kúrò lára ara rẹ̀. Ẹ̀wà àgànyìn ni a fi ń jẹ ẹ́. Obìnrin tó ń ta ẹ̀wà náà lẹ́nu ọ̀nà wa, ọmọ Tógò ni. Lọ́jọ́ tí mo fi Faransé kí i, ìgbákọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ata tèmi kò ti ní ìwọ̀n mọ́. A kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, à ń rẹ́rìn-ín síra wa ni, bí ẹni tó jọ mọ àṣírí kan.

Baba Mùfú kì í ju náílọ́ọ̀nù búrẹ́dì nù kí ó tó fọwọ́ pa á. "Èmi ni mo ya èyí. Ìyá tó ni ilé búrẹ́dì náà, ọjọ́ tó wá, ó ń bínú sí ọkọ rẹ̀. Gbogbo àwọ̀ tí mo fi hàn án ló kọ̀, àfi pupa." Ó ní ìtàn fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Èmi náà gbìyànjú láti fún un ní oúnjẹ wa, mo wá ọgbọ́n dá sí gaàrí títí ó fi fẹ́ jọ àtìékè, mo dín ẹja sí i. Ó tọ́ ọ wò, ó jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Ọmọ mi, o ṣeun. Gaàrí tí òjò pa ni."

Fíríìjì

Nígbà tí mo dé, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló ní kọ̀ǹpútà ńlá tirẹ̀ tó ń kó iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ sí. Ti sítọ̀ wà lórí páálí lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Ti ẹ̀ka ìtajà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n fi àgádágodo tì, Àǹtí Bọ́sẹ̀ tó jẹ́ olórí ẹ̀ka náà, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, sì máa ń fi òróró àdúrà kàn án lórí ní gbogbo òwúrọ̀ Ajé. Ti Baba Mùfú wà nílẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ẹní ìkírun àtijọ́ ló fi bò ó. Ti ẹni kan kún tó ń ya, ti ẹlòmíràn ṣófo, ẹni tí tirẹ̀ kún kò sì lè rí àyè lò lọ́dọ̀ ẹni tí tirẹ̀ ṣófo. Bí ọ̀kan bá dákẹ́, ẹ̀ka náà á káwọ́ gbera títí a ó fi tún un ṣe.

Ohun tí Alhaja rà ni àpótí gíga kan tí dísìkì kún inú rẹ̀. Ó ní okùn tirẹ̀ àti ọ̀nà tirẹ̀, yàtọ̀ sí èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń fi ìwé ránṣẹ́ síra wọn. Gbogbo kọ̀ǹpútà ńlá ilé iṣẹ́ yóò máa kó ẹrù wọn síbẹ̀, wọn yóò sì máa mú un bí ẹni pé inú ara wọn ló wà. Ẹ rò ó bí agbo ilé tó pa àká pọ̀: àká kan ni, ṣùgbọ́n yàrá yàrá ni inú rẹ̀, oníkálukú ló sì ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Bí àyè bá fẹ́ tán, dísìkì tuntun là ń tì bọ̀ ọ́, ẹ̀rọ tó ń tẹ náílọ́ọ̀nù kò ní dúró. Bí a bá fẹ́ ṣe ẹ̀dà, a ò ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ọmọ ìyá rẹ̀ wà ní Àgége, ohun tó bá wọ ti Àgídìngbì kì í pẹ́ dé ọ̀hún, tí ó fi jẹ́ pé bí iná bá tilẹ̀ jó ilé kan, iṣẹ́ ṣì wà ní ilé kejì. Òyìnbó ní orúkọ gígùn tó ń pè é. Nítorí pé yàrá tútù ni a gbé e sí lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tó sì ga bí fíríìjì, fíríìjì ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é, èmi náà sì jọ̀wọ́ orúkọ òyìnbó fún wọn.

Wọn kò kọ́kọ́ fẹ́ ẹ. Àǹtí Bọ́sẹ̀ ní, "Kí gbogbo wa kó ẹrù wa síbì kan náà? Àbẹ́g o, èmi ò mọ irú ẹ̀mí tó wà nínú dátà ẹlòmíì." Alhaja pàṣẹ fún un ni ó tó gbà. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá àárọ̀, kọ̀ǹpútà inú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ kú fin-ín-fin-ín. Kọ̀ǹpútà ti sítọ̀ gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe lójú ẹsẹ̀, nítorí pé inú fíríìjì ni ẹrù àwọn méjèèjì wà. Ọ̀sán ni mo lọ sọ fún un.

"Ó kú? Láti ìgbà wo?"

"Láti àárọ̀, Àǹtí Bọ́sẹ̀."

"Èmi tí mò ń tajà látàárọ̀! Ẹ̀rọ wo ni mo wá fi ń tà á?" Ó dìde, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbọ́wọ́ lé òkú ẹ̀rọ náà lórí, ó ní "Jésù ṣeun," ó padà jókòó. Láti ọjọ́ náà ló ti di ajíhìnrere fíríìjì. Ẹ̀ka gbogbo kó ẹrù wọn wọlé, àfi ẹnì kan.

Ohun tó wà lábẹ́ tábìlì

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bẹ Baba Mùfú. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó fà mí jókòó.

"Ọmọ mi, mo ti kó gbogbo àwòrán mi lé ọ̀gá kan lọ́wọ́ rí, ní Ọ̀rẹ́gùn. Oṣù kan kò pé lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n fi ní kí n máa lọ ilé. Wọ́n mú ọmọ kan tí kò mọ pupa yàtọ̀ sí osùn, wọ́n gbé e jókòó sórí àga mi. Ohun tó wà lábẹ́ tábìlì yìí ló mú mi jókòó níbí."

Mo ní, "Baba, yàrá tiyín máa dá wà nínú ẹ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa ní kọ́kọ́rọ́."

"Ta ló rọ kọ́kọ́rọ́ náà?"

"Èmi ni, sà."

"Ó dáa," ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ parí, kò sì kó ẹrù rẹ̀ lé mi lọ́wọ́.

Mo mọ nǹkan méjì tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ nílé iṣẹ́ náà. Èkíní, ojú Baba ń lọ. Bí mo bá gbé omi síwájú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á kọ́kọ́ rìn lórí tábìlì kí ó tó kan ife. Bí iṣẹ́ tuntun bá dé, àwòrán àtijọ́ ló máa ń yọ jáde, á pa orúkọ dà, á pa àwọ̀ dà, wọ́n á ní Baba tún ti gbé tuntun dé. Bí àwọn àwòrán àtijọ́ bá ti lọ, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, nítorí kò lè ya òmíràn mọ́. Èkejì, dísìkì tó wà lábẹ́ ẹní yẹn ti ń dún. Ó ń kan kọ́, kọ́, kọ́, bí ẹni tó ń fi èékánná lu pákó. Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ yìí pẹ́ mọ ohun tí ìró yẹn ń wí.

Èmi ni ẹni tí ọwọ́ mi máa ń yá ju ẹnu mi lọ, ẹ̀yin náà mọ̀ mí bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sán Jímọ̀ kan, nígbà tí Baba ti lọ sí mọ́ṣáláṣí, mo jókòó sí yàrá òkè, mo gba orí okùn ọ́fíìsì wọ inú kọ̀ǹpútà rẹ̀, mo sì ṣe ẹ̀dà gbogbo àwòrán rẹ̀ sínú fíríìjì. Mo yọ yàrá ọ̀tọ̀ fún un, mo fi orúkọ rẹ̀ tì í. N kò ṣí ọ̀kankan wò. Orúkọ wọn nìkan ni mo rí tó ń kọjá: "Ọkọ Sùúrà Tó Gbàgbé," "Ọ̀sán Àwẹ̀," "Ìyá Ìbejì Ń Bínú." Kò gbà ju wákàtí kan lọ. Mo sọ fún ara mi pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ó ti mọ́ṣáláṣí dé, ó bá mi lókè, ó ń mí lẹ́mìí kúkúrú nítorí àtẹ̀gùn. "Ọmọ mi, mo ra dàbínù bọ̀ fún ọ." Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì jẹ ẹ́ lójú rẹ̀. Ojú tì mí, síbẹ̀ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo tún ṣe é, kí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe lè wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Omi

Òjò oṣù kẹfà Ìkẹjà kì í dágbére. Ó rọ̀ mọ́jú, gọ́tà iwájú ilé iṣẹ́ kún, ó kọ̀ láti gbà, ó sì dà á padà sọ́dọ̀ wa. Nígbà tí mo dé láàárọ̀, omi ti dé kókósẹ̀ ní gbogbo ìsàlẹ̀ ilé. Baba Mùfú ti dé ṣáájú mi. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀, ó ká ṣòkòtò sókè, ó mú ẹní ìkírun náà lọ́wọ́, omi ń ro tótótó lára rẹ̀. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà nísàlẹ̀ nínú omi. Kò kígbe. Ohun tó ń sọ jẹ́jẹ́ fún ara rẹ̀ ni pé, "Gbogbo iṣẹ́ ayé mi. Gbogbo iṣẹ́ ayé mi rèé."

Mo kúnlẹ̀ sínú omi náà. "Baba, ẹ dárí jì mí. Wọ́n wà nínú fíríìjì. Mo ṣe ẹ̀dà wọn láìsọ fún yín."

Ó yí ojú sí ibi tí ohùn mi wà. "Ìgbà wo?"

"Láti oṣù tó kọjá, sà. Gbogbo ọ̀sán Jímọ̀."

"Nígbà tí mo bá lọ kírun."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ẹnu èyí la wà tí Alhaja fi wọlé pẹ̀lú Àǹtí Bọ́sẹ̀, wọ́n gbé bàtà wọn lọ́wọ́. Alhaja rí kọ̀ǹpútà inú omi, ó gbọ́wọ́ lérí. "Yéè! Àwòrán Baba! Gbogbo oníbàárà mi ti lọ!" Mo dìde, mo ní wọ́n wà lókè, ohunkóhun kò ṣe wọ́n. Alhaja wò mí, ó wo Baba, ojú rẹ̀ sì yí padà. "Ṣebí Baba ní àwọn ò fẹ́ kó wọn síbẹ̀. Ta ló wá fún ọ?"

Ẹ̀yin ará mi! Àlejò tó jalè nínú ilé tó gbà á sílé, kí ló fẹ́ wí?

"Èmi ni mo fún un," ni Baba Mùfú wí. "Mo rò ó síwájú, mo rò ó sẹ́yìn, mo ní kó kó wọn."

Alhaja dì mọ́ mi, ó ń yìn mí, ó ń yin fíríìjì, Àǹtí Bọ́sẹ̀ bẹ̀rẹ̀ orin ìyìn. Nígbà tí wọ́n lọ tán, Baba fún omi ara ẹní rẹ̀ dànù, ó sì bá mi sọ̀rọ̀ láìwo ibi tí mo wà.

"Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ilé mi lẹ wọ̀ láìkan ìlẹ̀kùn, Madam."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di Madam. Ó ń kí mi dáadáa, ó ń dúpẹ́ bí mo bá bá a gbé nǹkan, ó ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìyàwó ọ̀gá ọlọ́pàá ni mí. Lásìkò oúnjẹ, ó ń jẹun lọ́dọ̀ bàbá tó ń ṣọ́ ẹnubodè. N kò rí ohun tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo oṣù mẹ́jọ náà. Mo máa ń jókòó sí yàrá tútù, kí n máa rò ó pé òótọ́ ni mo sọ nípa ẹ̀rọ: ó kú bí mo ṣe sọ pé yóò kú. Síbẹ̀, ohun tí Baba ń bẹ̀rù gan-an, pé ẹni tó rọ kọ́kọ́rọ́ lè wọlé nígbà tó bá wù ú, òótọ́ ni ìyẹn náà, èmi ni mo sì fi hàn án.

Kọ́kọ́rọ́

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ilé búrẹ́dì kan fẹ́ náílọ́ọ̀nù kíákíá. Alhaja ní kí n fún Àǹtí Bọ́sẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́ yàrá Baba kí ó lè mú àwòrán wọn jáde. Mo rántí Ọ̀rẹ́gùn.

"Alhaja, kọ́kọ́rọ́ Baba ni. Ẹ jẹ́ kí n lọ bi wọ́n léèrè ná."

"Rùkáyátù," ó fi orúkọ mi gan-an pè mí, "ta ló ra fíríìjì?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Ta ló ń pàṣẹ níbí?"

"Ẹ̀yin ni, mà. Mo kàn fẹ́ bi wọ́n ni." Mo dúró síbẹ̀. Ó pòṣé, ó ní kí n lọ bi wọ́n, kí n má fi ọjọ́ ṣòfò.

Baba gbọ́ mi tán. Ó ní, "Ẹ wá bi mí lónìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ẹ fún un."

Àǹtí Bọ́sẹ̀ wọ inú yàrá náà ní agogo mọ́kànlá, ó sì wà níbẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ó ń ṣí, ó ń tì, ó ń kígbe. "Àǹtí Àbíjàn, kí ló ń jẹ́ 'Ọkọ Sùúrà Tó Gbàgbé'? Ṣé búrẹ́dì ni àbí ọṣẹ?" Àwòrán ilé búrẹ́dì mẹ́rin ló mú jáde fún wọn, kò sí èyí tó jẹ́ tiwọn nínú wọn. Alhaja fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Baba.

"Baba, irú orúkọ wo lẹ sọ àwọn nǹkan yìí?"

"Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, Alhaja. Ẹni tó bá wá ní kí n ya àwòrán, mo máa ń wo bó ṣe wá. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà ni màá fi sọ ọ́."

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá bá wa ṣí i. Ẹ wá fi ojú yín wá a."

Baba kò dìde. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì. Mo mọ ohun tó fẹ́ sọ kí ó tó sọ ọ́, mo sì fẹ́ kígbe pé kó má sọ ọ́. "Alhaja, n kò ní purọ́ fún yín. Bí wọ́n bá ṣí i síwájú mi, n kò ní rí i. Ó ti tó ọdún méjì tí ojú mi ti ń lọ."

Ẹ̀rọ tó ń tẹ náílọ́ọ̀nù nìkan ló ń dún lẹ́yìn ilé. Alhaja fa àga kan, ó jókòó sí iwájú rẹ̀ bí ọmọ ilé kéú.

"Ojú ló lọ, Baba. Ṣé orí náà lọ ni?"

"Orí wà níbẹ̀."

"Tí orí bá wà níbẹ̀, àga yín wà níbẹ̀. Ẹ máa sọ fún wa èyí tó jẹ́ ti ta ni, kí á kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí a bá gbà láti máa yàwòrán, ọwọ́ yín ló ti máa kọ́ṣẹ́."

Baba mi orí. Nígbà tí Alhaja lọ tán, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀ tí kò wúlò fún un mọ́, ó nu ojú rẹ̀, ó sì fi gíláàsì náà sínú àpò.

Kí lẹ rí?

Oṣù méjì tó kù fún mi, iṣẹ́ yẹn ni a ṣe. Mo á ṣí àwòrán, Baba á bi mí pé, "Kí lẹ rí?" Mo á sọ ohun tí mo rí: ọmọbìnrin kan ń gbé búrẹ́dì sórí, oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pupa. "Kì í ṣe pupa. Àwọ̀ ilẹ̀ Ìpájà lẹ́yìn òjò ni. Ẹ wò ó dáadáa." Mo á wò ó dáadáa, òótọ́ ni. Á wá sọ orúkọ ẹni tó ni í, èmi á tẹ̀ ẹ́. Mo ti ń ṣọ́ dátà fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo mọ bí ó ṣe tóbi tó àti ibi tó wà, ṣùgbọ́n n kò tíì wo inú rẹ̀ rí fún ẹni tó ni í. Kò pè mí ní ọmọ mi mọ́, n kò sì bẹ̀ ẹ́ pé kó pè mí bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú èyí tí mo fẹ́ gbéra, a kan àwòrán kan ṣoṣo tó kù. Kò sọ ọ́ lórúkọ. Òun ló yà kẹ́yìn, ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú èyí tí omi wọlé, kò sì fi han ẹnikẹ́ni.

"Kí lẹ rí?"

Ó ń dúró de èsì. Mo lè sọ pé ó dára, kò sí ẹni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti ṣe ohun kan rí lẹ́yìn ọkùnrin yìí, n kò fẹ́ ṣe èkejì lójú rẹ̀.

"Baba, àwọn lẹ́tà gun ara wọn. Ọmọ inú rẹ̀ kò sí lábẹ́ igbá tó gbé rù, ó ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọ̀ rẹ̀ jáde kúrò lára rẹ̀."

Ó na ọwọ́, ó fọwọ́ kan ojú kọ̀ǹpútà náà, ó sì gbọ́wọ́ rẹ̀ kúrò.

Mo bi í pé, "Ṣé kí n pa á rẹ́, sà?"

"Rárá," ló wí. "Ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn mi, kí ó mọ ibi tí ojú mi bá mi dé."